Ẹ Má Jẹ́ Kí Àmì Kan Ṣoṣo Máa Dájọ́ Kòkòrò Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aláṣẹ Ètò Ọ̀gbìn àti Ìlera

Sí Ọ̀gá Àgbà Àjọ NAQS, tó ń ṣọ́ ẹnubodè wa lọ́wọ́ àrùn àti kòkòrò ohun ọ̀gbìn,
Sí Olùdarí ètò ìjọba àpapọ̀ fún mímú ibà kúrò nílẹ̀,
Sí àwọn Kọmíṣọ́nnà ètò ọ̀gbìn àti ti ìlera ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó.

Ẹ̀yin alàgbà wa,

Mò ń kọ lẹ́tà yìí ní gbangba kí gbogbo ará ìlú lè bá yín kà á, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan oko àgbàdo, oko ẹ̀gẹ́ àti yàrá tí àwọn ọmọ wa ń sùn sí. N kò kọ ọ́ láti fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ni iṣẹ́ mi, ohun tí iṣẹ́ náà ń fi hàn mí ló sì ń kọ mí lóminú.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Lóde òní, bí kòkòrò àjèjì bá wọ oko, tàbí tó bá bá ẹrù wọlé, DNA rẹ̀ ni a máa ń yẹ̀ wò kí a tó dárúkọ rẹ̀. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n DNA kòkòrò gùn púpọ̀, a kì í sì í kà á tán. Apá kékeré kan ni a máa ń mú nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ìdánimọ̀, apá tí a bá sì mú ni yóò pinnu ìdáhùn tí a óò rí gbà. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí àmì kan ṣoṣo máa parí ọ̀rọ̀ tí owó ìlú àti ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́. Ìbéèrè tó wà níwájú wa ló yẹ kó yan àmì tí a óò lò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí ohun tí àṣìmọ̀ kòkòrò ti kó bá wa rí. Àwọn àgbà tó ń dáko ẹ̀gẹ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn kò jẹ́ gbàgbé kòkòrò funfun kan tó dà bíi pé wọ́n da ìyẹ̀fun sí i lára. Ó máa ń bo ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́, ewé á ká kò, igi á ràn, ẹ̀gẹ́ ò sì ní í ta nísàlẹ̀. Mealybug ni àwọn oníṣẹ́ ọ̀gbìn ń pè é. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ ni Phenacoccus manihoti. Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá, ni ilé rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n rí i ní agbègbè Kóńgò, kò sì pẹ́ tó fi tàn dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀tá tó ń pa á ní ìlú rẹ̀ ni yóò kápá rẹ̀ níbí. Wọ́n wá a lọ sí apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n rí kòkòrò kan lórí ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ tó jọ tiwa bí ìbejì, wọ́n sì kó àwọn agbọ́n kéékèèké tó ń pa á bọ̀. Àwọn agbọ́n náà kọ̀, wọn ò bímọ lára kòkòrò tiwa. Nígbà tí wọ́n wá wò ó fínnífínní, wọ́n rí i pé ẹ̀yà méjì ni. Ti ọ̀hún ní akọ àti abo. Tiwa, abo nìkan ni, wọ́n sì ń bímọ láìsí akọ. Ti ọ̀hún ni a wá mọ̀ sí Phenacoccus herreni. Ọdún 1981 ni wọ́n tó rí manihoti gan-an ní orílẹ̀-èdè Paraguay, pẹ̀lú agbọ́n tirẹ̀, Anagyrus lopezi. Lọ́dún náà gan-an ni ilé ìwádìí IITA tó wà ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú agbọ́n yìí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Agbọ́n náà ṣiṣẹ́, ó tàn káàkiri Áfíríkà, oko ẹ̀gẹ́ sì bọ̀ sípò. Hans Herren, tó darí iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995.

Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a máa ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Nínú ọ̀rọ̀ kòkòrò, ẹbọ òòbẹ̀ kì í dà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń wá òòbẹ̀ kiri, ẹ̀gẹ́ ń kú lóko. Kò sí àyẹ̀wò DNA tó rọrùn nígbà náà, a ò lè dá wọn lẹ́bi. Lónìí, àyẹ̀wò ti wà. Bí a bá tún ṣi kòkòrò mọ̀, àwíjàre wa kò ní í pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àyẹ̀wò náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ará ìlú tó ń ka lẹ́tà yìí lè bá wa lọ. Lẹ́tà mẹ́rin ni a fi ń kọ DNA: A, C, G àti T. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ló ń gbé àbùdá ohun alààyè. Ní 2003, Paul Hebert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Guelph ní ilẹ̀ Kánádà dábàá pé kí a máa ka apá kan náà lára apilẹ̀ àbùdá kan náà nínú gbogbo ẹranko, kí a sì fi ṣe àmì ìdánimọ̀ wọn. Apilẹ̀ àbùdá tí wọ́n yàn ń jẹ́ COI, apá rẹ̀ tí wọ́n sì ń kà gùn tó nǹkan bíi lẹ́tà 658. Èyí ni gbogbo ayé ń pè ní bákóòdù DNA.

Ìdí tí wọ́n fi yan COI yè kooro. Inú mitokọ́ndíríà ló wà, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré tó ń pèsè agbára nínú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì kan lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀dà rẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ kòkòrò gbígbẹ kan ṣoṣo ti tó fún àyẹ̀wò. Láti 1994 ni àwọn onímọ̀ ti ní práímà, ìyẹn àwọn ẹyọ DNA kúkúrú tí ẹ̀rọ PCR, tó ń da DNA kọ ní ọ̀pọ̀ ẹ̀dà, fi ń mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò dúró, tó ń bá COI ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹranko mu. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn kòkòrò tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà kì í fi ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ síra níbẹ̀, nígbà tí àwọn ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa ń yàtọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò yìí lè dárúkọ ẹyin, ìdin, tàbí apá ìyẹ́ tó já, èyí tí ojú lásán kò lè ṣe. Mo mọ iyì rẹ̀, n kò sì ní kí ẹ sọ ọ́ nù.

Ṣùgbọ́n ó ní ààlà, ibi tí ààlà rẹ̀ wà gan-an ni àwọn kòkòrò tó ń dà wá láàmú jù lọ sì kó sí. Ààlà àkọ́kọ́ ni pé ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọ ti ń jogún mitokọ́ndíríà. COI kì í sọ ohunkóhun nípa ilé baba. Bí ẹ̀yà méjì bá gun ara wọn lẹ́ẹ̀kan, tí ọmọ wọn sì ń bá ẹ̀yà bàbá lọ láti ìran dé ìran, COI yóò ṣì máa jẹ́rìí pé ẹ̀yà ìyá ni.

Ààlà kejì ni bakitéríà kan tó ń jẹ́ Wolbachia, tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú ẹ̀fọn Culex ní 1924. Inú sẹ́ẹ̀lì kòkòrò ló ń gbé, inú ẹyin ló sì ń gbà kọjá láti ara ìyá sí ọmọ. Ó máa ń ba ìbímọ àwọn abo tí kò ní i jẹ́, kí àwọn abo tó ní i lè máa pọ̀ sí i. Bí ó ṣe ń tàn, ó ń fa mitokọ́ndíríà àwọn ìyá tó gbé e dání lọ́wọ́, nígbà mìíràn láti inú ẹ̀yà kan bọ́ sínú òmíràn. Ní 2007, àwọn olùwádìí fi hàn pé nítorí èyí, bákóòdù COI kò lè dá púpọ̀ mọ̀ nínú àwọn eṣinṣin Protocalliphora, àwọn tí ìdin wọn ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹyẹ nínú ìtẹ́. Ẹ̀yà tí ojú yà sọ́tọ̀, tí ìwà yà sọ́tọ̀, COI pa wọ́n pọ̀.

Ààlà kẹta ni ẹ̀dà èké. Nígbà àtijọ́, àwọn apá kan lára COI ti sá kúrò nínú mitokọ́ndíríà lọ wọ kóró inú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọn kò ti níṣẹ́ mọ́. PCR lè mú ẹ̀dà òkú yìí dípò èyí tó wà láàyè. Ní 2008, ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn tata àti edé inú omi tútù fi hàn pé bí a kò bá ṣọ́ra, ẹ̀dà èké wọ̀nyí yóò mú ká máa ka ẹ̀yà tí kò sí rárá mọ́ èyí tó wà. Ọ̀nà àbáyọ wà: kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá lẹ́tà rẹ̀ ṣì lè pèsè èròjà ara láìsí àmì ìdádúró láàárín. Àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé ewu wà kò ní í wá a.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wọ oko. Ní 2016, kòkòrò tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ sí armyworm bẹ́ sórí àgbàdo ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ní Benin, ní Tógò àti ní erékùṣù São Tomé. Spodoptera frugiperda ni orúkọ rẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti wá, a kò sì tíì rí i rí nílẹ̀ Áfíríkà kó tó di ìgbà náà. Ó ní àwọn mọ̀lẹ́bí tó jọ ọ́ níbí, bíi Spodoptera exempta, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé ojú kọ́kọ́ ṣì í mọ̀ ní ibi púpọ̀. Àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn àti Cotonou fi ìrísí rẹ̀ àti DNA rẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì kéde rẹ̀ fún ayé lọ́dún náà. COI ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó ṣe é dáadáa. Láàárín ọdún méjì, kòkòrò náà ti dé orílẹ̀-èdè tó ju 40 lọ ní Áfíríkà.

Ìbéèrè kejì ló wá ṣòro. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti mọ̀ ní Amẹ́ríkà pé ìran méjì ni armyworm yìí ní. Ìran kan fẹ́ràn àgbàdo, ọkà bàbà àti òwú. Ìran kejì fẹ́ràn ìrẹsì àti koríko tí màlúù ń jẹ. Ojú kò lè yà wọ́n. Èwo ló wá bá wa? Ìdáhùn náà kan gbogbo àgbẹ̀ onírẹsì láti Òfadà títí dé Ìgbẹ́mọ. Ó kan ibi tí ìjọba yóò kó oògùn lọ àti irúgbìn tí wọn yóò máa ṣọ́.

Wọ́n lo COI. Ó dáhùn pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìran ìrẹsì. Ṣùgbọ́n orí àgbàdo ni wọ́n ti kó àwọn kòkòrò náà! Rodney Nagoshi, tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn fún ìjọba Amẹ́ríkà, àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Tógò wá lo àmì mìíràn mọ́ ọn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Àmì náà ń jẹ́ Tpi, orí krómósómù Z ló wà nínú kóró sẹ́ẹ̀lì. Akọ ń gba Z lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Abo ń gba tirẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá. Tpi fi hàn pé ìran àgbàdo ló pọ̀ jù lọ láàárín wọn. Àmì méjèèjì ta ko ara wọn nínú kòkòrò kan náà, ohun tí èyí sì túmọ̀ sí ni pé àwọn ìran méjèèjì ti gun ara wọn nínú ìtàn àwọn tó wá bá wa: ilé ìyá jẹ́ ti ìrẹsì, ilé baba jẹ́ ti àgbàdo. Nígbà tó di 2019, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ kòkòrò láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà wò, wọ́n kéde pé ojúlówó ìran ìrẹsì ṣọ̀wọ́n níbí, tàbí kí ó má sí rárá. Ẹ̀yin alàgbà, ẹ wo bí yíyan àmì ṣe yí ìmọ̀ràn padà. Ẹni tó fi COI nìkan pinnu yóò sọ fún àgbẹ̀ onírẹsì pé ewu ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó fi Tpi kún un yóò sọ pé orí àgbàdo ni ogun náà wà jù.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lóko bọ́ sí yàrá. Nàìjíríà nìkan ló ń ru nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àìsàn ibà lágbàáyé, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ọdọọdún Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ń fi hàn. Títí di 2013, orúkọ kan ṣoṣo, Anopheles gambiae, ni wọ́n fi ń pe ẹ̀fọn méjì tó wà láàárín wa. Lọ́dún yẹn ni wọ́n ya ọ̀kan sọ́tọ̀, tí wọ́n fi orúkọ Mario Coluzzi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí ẹ̀fọn, sọ ọ́ ní Anopheles coluzzii. Ìrísí wọn kò yàtọ̀. Ìwà wọn yàtọ̀: gambiae fẹ́ràn omi òjò tó dá sínú kòtò fúngbà díẹ̀, coluzzii sábà máa ń yé ẹyin sínú omi tó pẹ́ nílẹ̀, bíi ti oko ìrẹsì àti etí ìlú. COI kò lè yà wọ́n, torí pé wọ́n jọ ń pín mitokọ́ndíríà kan náà. Apá DNA tó wà lórí krómósómù X ni àwọn onímọ̀ ń lò láti yà wọ́n. Ní 2015, ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Science fi ìdí rẹ̀ hàn: àwọn ẹ̀fọn ìdílé yìí, títí kan Anopheles arabiensis, ti pààrọ̀ púpọ̀ nínú àbùdá wọn láàárín ara wọn, orí X ni ìtàn ìpínyà wọn sì ṣẹ́ kù sí kedere.

Arabiensis yìí máa ń jẹ ẹran ọ̀sìn àti ènìyàn, ó sì máa ń sinmi níta ju gambiae lọ. Bí a bá pè é ní gambiae, a óò máa fọ́n oògùn sára ògiri yàrá, nígbà tí ọ̀tá wà níta lẹ́yìn ilé.

Àmọ́ ẹ wo apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀fọn kan láti ilẹ̀ Éṣíà, Anopheles stephensi, dé Djibouti ní 2012. Nínú àkọsílẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé, wọ́n rí i ní Nàìjíríà ní 2020. Kànga àti táǹkì omi ló ń yé ẹyin sí, ìyẹn ni pé ó lè gbé ibà wọ àárín ìlú ńlá. COI àti ITS2, àmì kan láti inú kóró sẹ́ẹ̀lì, ń dá a mọ̀ láìṣe àní-àní, torí kò ní ìbátan tó sún mọ́ ọn níbí. Ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ kò béèrè ju “ṣé gambiae ni tàbí arabiensis?” lọ kò ní ìdáhùn fún stephensi rárá. Nítorí náà, n kò sọ pé àmì inú kóró sẹ́ẹ̀lì ló dára ju COI lọ nígbà gbogbo. Ohun tí mò ń sọ ni pé iṣẹ́ tí oníkálukú wọn lè ṣe yàtọ̀.

Ti eṣinṣin funfun orí ẹ̀gẹ́ tún burú jù. Bemisia tabaci, tó ń gbé àrùn mọ́sáìkì kiri oko, kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Àwọn onímọ̀ ti ka ẹ̀yà tó fara pa mọ́ sábẹ́ orúkọ náà tó ju 30 lọ. COI ni wọ́n fi kà wọ́n, ṣùgbọ́n ìparí COI ni àwọn tó ń wádìí eṣinṣin yìí máa ń kà, nígbà tí àwọn oníbákóòdù yòókù ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni méjì lè wí pé COI ni àwọn lò, kí ìwé wọn má sì bá ara wọn mu ní lẹ́tà kan. Ẹ̀dà èké sì ti wọ inú àkójọ náà pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n wá yẹ ọ̀pọ̀ ibi wò nínú DNA kóró sẹ́ẹ̀lì eṣinṣin ẹ̀gẹ́ ní Áfíríkà ní 2017, ìpín tó jáde kò bá èyí tí COI ṣe mu. Àwa tí ẹ̀gẹ́ jẹ́ gàrí wa, láfún wa àti fùfú wa ló yẹ kó kọ́kọ́ bìkítà nípa èyí.

Kí ló wá yẹ ká ṣe? Ohun márùn-ún ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè ṣáájú. Bí kòkòrò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bá wọ èbúté Apapa tàbí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ COI ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà, torí òun ni àkójọ rẹ̀ pọ̀ jù láyé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yà tó sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí ni, tàbí tí a fura pé wọ́n ti gun ara wọn, kí wọ́n fi àmì inú kóró sẹ́ẹ̀lì kún un. Bí kòkòrò bá ti gbẹ tó sì ti pẹ́ nínú àpótí, kí wọ́n ka apá kúkúrú, nǹkan bíi lẹ́tà 130, torí DNA rẹ̀ ti já wẹ́wẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé pańpẹ́ kan kó onírúurú kòkòrò pọ̀, apá kúkúrú tó bá gbogbo wọn mu ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì mọ̀ pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò lè parí ẹjọ́ ẹyọ kòkòrò kan.

Èkejì, kí ìpinnu ńlá kankan má dúró lórí àmì kan. Kí ẹ tó ra oògùn apakòkòrò fún ìpínlẹ̀ odindi, kí ẹ tó ti ẹnubodè mọ́ ẹrù àgbẹ̀, kí ẹ tó yí ètò fífọ́n oògùn ẹ̀fọn padà, ẹ béèrè pé kí àmì ọ̀dọ̀ ìyá àti àmì inú kóró sẹ́ẹ̀lì fẹnu kò. Bí wọn kò bá fẹnu kò, àìfẹnukò náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìròyìn tó yẹ kí ẹ gbọ́.

Ẹ̀kẹta, kí gbogbo ìwé àbájáde tó bá dé orí tábìlì yín máa sọ àmì tí wọ́n lò, apá ibi tí wọ́n kà nínú rẹ̀, práímà tí wọ́n fi kà á, àti bí wọ́n ṣe yẹ ẹ̀dà èké àti Wolbachia wò. Ìwé tó bá kọ “DNA ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀” lásán, ẹ dá a padà.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe ju kòkòrò náà nù. Ẹsẹ̀ kan ti tó fún DNA. Kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kan ìyókù mọ́ àpótí, kí wọ́n kọ ibi àti ọjọ́ tí wọ́n mú un, kí wọ́n sì gbé e sí ilé àkójọ. IITA ní irú rẹ̀ ní Cotonou. Ilé ìwádìí ọ̀gbìn ní Samaru, Zaria, ní tirẹ̀. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ náà ní ilé àkójọ ohun alààyè. Bí àmì tó dára ju ti òní lọ bá dé lọ́la, kòkòrò tó wà nínú àpótí ni a óò padà bi léèrè. Lẹ́tà DNA tí kò ní ara kòkòrò lẹ́yìn kò ṣeé tún gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ kí àwọn kòkòrò inú igbó àti oko wa wà nínú àkójọ ayé. BOLD àti GenBank, ìyẹn àwọn àkójọ DNA náà, kò lè dárúkọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi sínú wọn. Bí kòkòrò Ìdànrè tàbí ti Kétu kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ yóò mú orúkọ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó wà ní ilẹ̀ òkèèrè fún wa, a óò sì gbà á. Ẹ̀rọ tó ń ka DNA tó ṣeé gbé sí àtẹ́lẹwọ́ ti wà lóde báyìí. Ẹ rà á fún àwọn yunifásítì wa, ẹ san owó oṣù àwọn ọ̀dọ́ tó lè lò ó, ẹ sì so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn àgbà tó mọ kòkòrò ní ìrísí. Àwọn tó lè wo ìyẹ́ àti ìwo kí wọ́n sì dárúkọ kòkòrò ń dínkù. Bí wọ́n bá tán, DNA kò ní í rí ẹni tí yóò tún un ṣe nígbà tó bá ṣìnà.

Mo mọ̀ pé wọn yóò sọ fún yín pé owó kò sí, pé àyẹ̀wò kejì yóò fa ìdádúró. Ní òtítọ́, owó ni yóò ná wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sórí ìwọ̀n pẹ̀lú owó oògùn tí a fọ́n sí kòkòrò tí kì í ṣe òun, pẹ̀lú ilẹ̀ àti odò tí oògùn náà bàjẹ́, pẹ̀lú ọdún tí àwọn onímọ̀ ẹ̀gẹ́ fi wá ọ̀tá manihoti níbi tí kò sí. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Armyworm kọ́ ni kòkòrò àjèjì tó máa kẹ́yìn, stephensi náà kọ́.

Ẹ̀yin ará ìlú tó ń bá wa ka lẹ́tà yìí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí kòkòrò àjèjì lóko, ẹ má kàn án pa dànù. Ẹ fi díẹ̀ sínú ìgò tó ní ọtí sípíríìtì, ẹ kọ orúkọ ìlú àti irúgbìn tí ẹ ti mú un sí i lára, kí ẹ gbé e fún òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn tó sún mọ́ yín. Ìgò kékeré náà lè jẹ́ ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè yóò rí.

Ẹ̀yin aláṣẹ wa, ọwọ́ yín ni àṣẹ wà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà iṣẹ́ yín, kó má wà lẹ́nu lásán: kò sí orúkọ kòkòrò kan tí a óò fi ná owó ìlú, tàbí tí a óò fi ti ọjà àgbẹ̀, tí kò bá ní àmì méjì tó fẹnu kò àti ara kòkòrò tó wà nípamọ́. Bí ẹ bá ṣe é, àwọn ọmọ wa yóò jèrè rẹ̀.



Èmi ni tiyín tòótọ́,
Ọmọ ìlú tó ń fi ẹ̀kọ́ kòkòrò ṣiṣẹ́ ṣe.